Ta Ló Wà Lókè Yẹn, Bàbá?

Bàbá mi ọ̀wọ́n tó sùn sí yàrá inú,

Ẹ kú ilé o. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí ọmọ yìí fi jókòó tì yín tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, nígbà tó lè la ẹnu kó sọ ọ́. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Màmá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, etí wọn sì ṣì dá ṣáká. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ, n kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orí símẹ́ńtì tí a fi bò yín ni mo jókòó sí. Mo tẹ́ ẹní yín àtijọ́ sí i, èyí tí etí rẹ̀ ti ya tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù nù. Igbà tí ẹ fi ń gun ọ̀pẹ ṣì wà lára ìṣó lókè orí mi níbí, a kò tíì gbé e kúrò.

Ara Màmá le. Orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n lásìkò òjò, wọ́n ṣì ń lọ sí ìsìn àárọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá sì dé, wọ́n á ta omi tútù sílẹ̀ fún yín lẹ́nu ọ̀nà yàrá yìí, bíi pé fádà kò ní gbọ́. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ wọn kan wà lọ́dọ̀ Màríà, ìkejì wà lọ́dọ̀ àwọn bàbá yín. Kò tíì yí padà. Èmi náà wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ bá mi gbé wá láti Àjàṣẹ́ kò tíì dáṣẹ́ sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà ní oríta ọjà. Ahọ́n mi náà ṣì mú bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ìlú Ajá-Wẹ̀rẹ̀ ni kò jókòó sójú kan mọ́. Wọ́n ti fa iná dé ibi tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn sẹ́mì tó ń fi alùpùpù gbé èrò ti pọ̀ débi pé ewúrẹ́ pàápàá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ọ̀tún wo òsì kí wọ́n tó sọdá. Ilé alájà kan, ilé alájà méjì ti ń yọ lójú títì. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń bọ̀ láti Màsẹ̀, tí sẹ́mì bá gòkè dé ibi tí ẹ máa ń sọ kèrègbè ẹmu yín kalẹ̀ láti sinmi, ohun tí mo mọ̀ láti kékeré ni mo ṣì ń rí: orí ọ̀pẹ gíga yín tó wà lẹ́yìn ilé wa, àti àgbélébùú orí ṣọ́ọ̀ṣì. Òpó tẹlifóònù tó ń ṣẹ́jú pupa nìkan ló kún wọn. Ẹ máa ń dúró níbẹ̀, ẹ ó nu òógùn, ẹ ó kí ọ̀pẹ náà bíi pé ìyàwó kejì ni. "O ṣì dúró? Ó dáa, mo ń bọ̀." Èmi náà máa ń kí i báyìí, nínú ọkàn mi. Bí mo bá là á síta, onísẹ́mì á rò pé orí mi ti yí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ yẹn ló gbé mi jókòó tì yín lónìí.

Ọ̀gá kan wà, ọmọ ìlú wa ni, Kùtọnú ló ti lówó. Ẹ kò bá òun fúnra rẹ̀ pàdé, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìyá rẹ̀ dáadáa, ìyá elépo pupa tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ọjà. Ó fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́sàn-án sí ìlú wa, ẹtáàjì tí irú rẹ̀ kò sí ní Pọ́bẹ̀, tí kò sí ní Kétu. Ọ́fíìsì á wà níbẹ̀, ilé ìtura á wà níbẹ̀, lókè pátápátá ni ibi ìjẹun tí èèyàn á ti máa wo gbogbo ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí títí dé ibi tí ojú bá mọ. Ilẹ̀ tó wù ú kì í ṣe ti ẹlòmíràn, ẹ̀yìn ilé wa ni, ibi tí àwọn ọ̀pẹ yín wà, torí pé ibẹ̀ ló ga jù láàárín ìlú. Ilé tí ẹ sùn sí yìí, wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ kàn án. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.

Wọ́n ti gbé pátákó ńlá kan sí oríta, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an, wọ́n ya ilé náà sí i. Gbogbo ara rẹ̀, dígí. Àwọn èèyàn tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀ kò jọ ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó gbé ẹrù lórí, kò sí èyí tó pọn ọmọ. Mo wá ilé wa nínú àwòrán náà, mo wá a tì. Ibi tó yẹ kó wà, òdòdó ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Bàbá, wọ́n gbin òdòdó lé yín lórí! Mo wá ọ̀pẹ, n kò rí i. Mo wá àgbélébùú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹtáàjì ti bò ó. Òfuurufú nìkan ló ṣẹ́ kù, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ aró kan tí n kò rí rí ní ìlú yìí, lọ́yẹ́ tàbí lójò. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó sídìí ẹ̀rọ mi tí mo ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi Fẹ́lísì, àkọ́bí yín, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wálé. Ẹ má tètè bínú sí i. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tó ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, Kùtọnú ló ń ná ọjọ́ ayé rẹ̀ sí, tó ń kọ́ ilé gogoro fún àwọn tí kò ní jẹ́ kó wọ ẹnu ọ̀nà wọn nígbà tí ilé bá parí tán. Ọ̀gá yìí ṣèlérí fún un pé òun ni yóò ṣe olórí gbogbo bíríkìlà níbẹ̀. Ẹ wá wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń sọ ọ́! Ó ń tàn bí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé igbà lé e lọ́wọ́ tí ẹ ní kó gun ọ̀pẹ kúkurú ẹ̀bá ọ̀nà. Ó ní gbogbo ayé òun lòun fi ń gbé ìlú onílùú ga, òun fẹ́ gbé ti òun náà ga kí ẹ̀yìn òun tó tẹ̀. Kí ni kí èèyàn sọ sí ìyẹn?

Kí n sọ òótọ́ fún yín, inú èmi náà dùn. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kan yóò jẹ́ tiwa nísàlẹ̀. Mo ti rí ara mi níbẹ̀, lẹ́yìn dígí, pẹ̀lú ère tí wọ́n ń wọ aṣọ fún, tí àwọn obìnrin Pọ́bẹ̀ ń wọkọ̀ wá bá mi. Mo ti ń ronú irú aṣọ tí n óò kọ́kọ́ wọ̀ fún ère náà. Ẹ̀yin lẹ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé bí ẹnì kan kò bá gbà, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà. Màmá ní ohun tí àwa ọmọ bá ti fẹ́ lòun fẹ́. Ọ̀rọ̀ wá kù sẹ́nu èmi. Mo ti ń múra àtisọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni àwọn awọnlẹ̀ dé. Wọ́n mú ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan dání tí kò tóbi ju atẹ lọ, tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, dúróònù ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan máa ń dúró sílẹ̀ tí á máa darí rẹ̀, òun á sì máa ya àwòrán látòkè. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi í sókè. Mo rí i tó ń fò kọjá lórí ọjà, tó ń kùn yùn-ùn, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e, èmi gan-an jáde sójú títì lọ wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilẹ̀ yàrá yìí nínú omi. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, kì í ṣe pé òrùlé ń jò. Mo nù ún, ó tún tutù lọ́jọ́ kejì. Mo bi Màmá, wọ́n ní bóyá ìkòkò omi tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ló là. Mo wo ìkòkò, ìkòkò kò là. Èmi náà mọ ìwà Màmá, n kò tún béèrè mọ́, mo kàn tètè ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, mo padà sílé. Mo bá wọn nínú yàrá yín níbí, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n dúró sínú abọ́ ńlá, wọ́n ń wẹ̀.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé? Balùwẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n ń bu omi sẹ́yìn ara wọn, omi ń dà sílẹ̀, sórí yín. Nígbà tó yá ni wọ́n ní, "Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wò mí ló wà níbí."

Wọn kò fẹ́ sọ èyí tó kù, mo ní láti fà á jáde lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wà nínú balùwẹ̀ lọ́jọ́ dúróònù. Wọ́n ti fi ọṣẹ kun ara, wọ́n ti di ojú. Wọ́n gbọ́ nǹkan tó ń kùn lókè orí wọn. Wọ́n rò pé ẹnì kan ló gun ọ̀pẹ láì ké, wọ́n sì pariwo pé, "Ta ló wà lókè yẹn?" Kò sí èsì. Wọ́n fọ ojú, wọ́n gbójú sókè, ohun náà dúró gangan lórí wọn, kò lọ, kò bọ̀, ó la ojú kan ṣoṣo sílẹ̀. Aṣọ wọn wà lórí ògiri, ọwọ́ wọn kò tó o. Ṣe ni wọ́n lọ lósòó sí kọ̀rọ̀ ògiri, wọ́n fi kànìnkànìn bo àyà. Bàbá, Màmá fúnra wọn! Obìnrin tí kò jẹ́ kí èmi tí wọ́n bí rí ẹ̀yìn wọn rí! Ẹ̀gàn ńlá gbáà ni. Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi náà, mo sunkún.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n bi í pé ta ni, kò sì fèsì. Ṣé ní àdúgbò wa? Níbi tí balùwẹ̀ kankan kò ti ní òrùlé, tó jẹ́ pé ògiri amọ̀ àti ojú ọ̀run nìkan ló bo èèyàn? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kò sí adẹ́mu tó ń fi igbà kọ́ ọ̀pẹ láàárín ìlú láì kọ́kọ́ dúró nísàlẹ̀, kó ké pé, "Mo ń gòkè ooo! Ẹ bora ooo!" Á dúró títí àwọn obìnrin á fi dáhùn láti agbolé dé agbolé pé, "A ti bora! Ẹ máa gùn ún!" Tó bá parí, tó bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, á tún ké pé, "Mo ti sọ̀ kalẹ̀ ooo!" kí olúkúlùkù lè padà sídìí ìwẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gùn láì ké, wọ́n á gba igbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sí ilé baálẹ̀, kò ní rí i gbà títí yóò fi lọ bẹ àwọn obìnrin nílé nílé. Mo rántí ọkùnrin Màsẹ̀ kan tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ó ń bẹ̀bẹ̀, àwọn ìyá ń fi í rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ sì fún un ní ẹmu mu kó tó lọ.

Ẹ rántí pé mo máa ń bi yín nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, pé, "Bàbá, kí lẹ rí lókè?" Ẹ ó ní, "Ewé." Mo máa ń bínú. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń na ọmọ, ẹni tó ń gún iyán pamọ́, ẹni tó ń jà. Ẹ ó tún ní, "Ewé ọ̀pẹ ni mo rí, ọmọ mi." Gbogbo ọdún tí ẹ fi gùn ún, ẹ kò rí ju ewé lọ.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ fún un. Mo rí i pé ó dùn ún. Lẹ́yìn náà ló ní kò burú, òun á ra páànù, òun á fi bo balùwẹ̀ Màmá. Mo ní ti ìyá Kọ́lẹ́ẹ̀tì ńkọ́, aládùúgbò wa? Ó ní òun á bo tiwọn náà. Mo ní àgbàlá ibi tí ojúbọ àwọn bàbá yín wà, tí àwa obìnrin kì í yọjú wò, ṣé páànù náà lẹ ó fi bò ó? Ṣé ẹ ó fi páànù bo gbogbo ìlú ni, kí àwọn tó ń jẹun lókè lè máa rí páànù?

Inú bí i. Ó ní, "Ṣé kí ìlú má dàgbà mọ́ nítorí ìwẹ̀ àwọn ìyá arúgbó?"

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ìyá arúgbó yẹn ló wẹ̀ yín kí ẹ tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé bíríkì."

Ó dìde, kò mu omi tí mo gbé ka iwájú rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nínú ilé yìí. Omi náà wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò lè dà á nù, n kò sì lè mu ún.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, Bàbá, n kò sì rí ibi tí n óò fi í sí. Ṣé mo ń dí ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà ni? Ṣé ó tọ́ kí ìlú wa máa wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ máa lọ sí Kùtọnú títí láé? Ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ràn òkè. Ẹ sọ fún mi pé látorí ọ̀pẹ yẹn ẹ máa ń rí èéfín ẹbu tí wọ́n ti ń sè sódábì, ògógóró tiwa, ní Màsẹ̀, ẹ sì máa ń mọ ẹni tó dáná. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ wà láyé, ṣé ẹ ó ti gba ọ̀gá yìí láyè? Ṣé ẹ ó ti wọ aṣọ yín tó dára jù kí ẹ wá jókòó sókè níbẹ̀ kí ẹ máa wo ìlú? Mo bi yín bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́, mo ń gbọ́ èémí Màmá nìkan.

Wọ́n wá pe gbogbo ìlú sí ìpàdé ní ọgbà mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú wa, lábẹ́ àtíbàbà. Èrò pọ̀. Ẹnjinníà kan fi Faransé ṣàlàyé, ẹnì kan ń túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá náà dìde, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Kì í ṣe èèyàn burúkú, kí n má bà á jẹ́ lójú yín. Ó ní àwọn ọmọ wa kò ní máa fi ọwọ́ júwe ilé ẹlòmíràn mọ́. Ó ní ẹni tó bá dúró lókè ilé yìí, kò sí ohun tí kò ní rí ní Ajá-Wẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Màmá jókòó sáàárín àwọn ìyá lẹ́yìn, wọ́n wo ilẹ̀.

Nígbà náà ni wọ́n ní kí àwa onílẹ̀ sọ tẹnu wa. Wọ́n pè mí. Mo ti to ọ̀rọ̀ kalẹ̀ láti ilé, ọ̀rọ̀ tó gbọ́n, tó ní Faransé díẹ̀ nínú. Bí mo ṣe dìde, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo wo ọ̀nà ilé wa, mo rí orí ọ̀pẹ yín tó yọ lókè páànù. N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo ké e jáde pẹ̀lú gbogbo agbára mi: "Mo ń gòkè ooo! Ẹ bora ooo!"

Ẹ bá mi wo nǹkan, Bàbá! Gbogbo ìyá tó wà nínú ọgbà yẹn ló fa ìró wọn sókè. Lẹ́ẹ̀kan náà ni. Èyí tó ń tòògbé fà á, èyí tó ń gbọ́mọ lọ́wọ́ fà á, wọ́n mú un mọ́ àyà gbọin-gbọin. Kò sí ẹni tó ronú sí i, ara wọn ló gbọ́. Láti ẹ̀yìn, ohùn Màmá jáde, tinrín, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn gbọ́ ọ: "A ti bora! Ẹ máa gùn ún!" Ẹnjinníà gbójú sókè, ó ń wò bóyá nǹkan fẹ́ já lù ú. Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n tún gé e nítorí pé àwọn ìyá kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ mi wá dé. Mo ní bí a ṣe ń gòkè ní ìlú wa nìyẹn, ẹ ti rí i. Mo ní ẹ̀rọ yín gòkè, kò ké. Ìyá kan bi í léèrè, kò dáhùn. Igbà ta ni a ó gbà? Ta ni yóò lọ bẹ̀bẹ̀ nílé nílé? Mo ní bàbá mi ga ju gbogbo yín lọ ní ìlú yìí lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì máa ń sọ fún wa pé òun ti sọ̀. Ilé alájà mẹ́sàn-án yìí, tó bá gòkè tán, ìgbà wo ni yóò sọ̀? Ìgbà wo ni ìyá mi yóò wẹ̀?

Ọ̀gá náà yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ìyá elépo pupa jókòó síwájú, nínú léèsì tí ọmọ rẹ̀ rà fún un, ọwọ́ méjèèjì wà ní àyà, kò tíì tú ìró náà sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wò ó títí. Baálẹ̀ ní kí a máa lọ sílé, kí a tún padà wá sọ ọ́ lẹ́yìn tí a bá kó àgbàdo.

Ẹ má rò pé mo ti borí. N kò gbà, ilẹ̀ yín ṣì jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n pátákó ṣì wà ní iwájú mi ní oríta. Wọ́n ní ọ̀gá ti ń wo ilẹ̀ mìíràn lọ́nà Pọ́bẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ wà nísàlẹ̀, bó bá fẹ́ rí ohun tó fẹ́ rí, á kàn fi àjà kún àjà ni. Àwọn kan ń kí mi lọ́jà, àwọn kan ń pè mí ní ọ̀tá ìlọsíwájú, obìnrin kan ti wá gba aṣọ rẹ̀ tí n kò tíì rán tán. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Bó ṣe dé láti ìpàdé ló gba Kùtọnú lọ.

Mo sì rò pé Màmá á padà sí balùwẹ̀. Rárá o. Inú yàrá yín níbí ni wọ́n ṣì ń wẹ̀. Mo ní, "Màmá, dúróònù ti lọ tipẹ́, àwọn tó ni ín ti gbé e padà sí Kùtọnú." Wọ́n ní, "A ò tíì gbọ́ pé ó sọ̀." Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣeré. Wọn kò ṣeré. Wọ́n bi í pé ta ló wà lókè, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, wọ́n ṣì ń dúró dè é.

Ohun tí mo jókòó tì yín láti sọ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi dé lánàá. Kò yà sọ́dọ̀ mi. Mo wà lágbàlá tí mo ń ká aṣọ, mo rí i tó gba ẹ̀yìn ilé, ó lọ dúró sídìí ọ̀pẹ yín, ó gbé ọwọ́ lé e. Kò wo òkè. Ó dúró pẹ́. Màmá ti gbé omi ìwẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá yìí, wọ́n ti fẹ́ wọlé. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ké pé, "Mo ti sọ̀ kalẹ̀ ooo!"

Ohùn yín ni, Bàbá. N kò mọ̀ pé ó ti gba ohùn yín. Èmi tí mo wà níbẹ̀ nígbà tí a gbé yín sí ilẹ̀ yìí, èmi tó ń gbálẹ̀ lórí yín láràárọ̀, mo yíjú láti wò yín. Màmá kò yíjú. Wọ́n ní, "Ẹ kú àbọ̀ o," bí wọ́n ṣe máa ń kí yín, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò pẹ́ tí ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé garawa wọn, wọ́n gba àgbàlá kọjá, wọ́n fi aṣọ kọ́ orí ògiri balùwẹ̀. Mo ń gbọ́ omi.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó jókòó. N kò bi í ní ohun kan nípa ẹtáàjì, òun náà kò sọ. N kò mọ ohun tí yóò sọ nígbà tí a bá kó àgbàdo tán, n kò sì mọ ohun tí yóò yọ lójú ọ̀run lọ́nà Pọ́bẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo bu omi fún un, ó mu ún.

Ẹ sùn ire, Bàbá mi. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀ lórí yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, ó ti gbẹ.

Èmi ni ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, ẹni tí ẹ sọ fún pé ewé nìkan lẹ rí.